Òrí Tí Mo Gbé Lọ sí Savalou

Ọyẹ́ mú gan-an ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò ní Ṣakí. Kùrukùru ti bo àpáta ẹ̀yìn ilé wa mọ́lẹ̀, ètè mi ti là, ilẹ̀ funfun bí ẹni da eérú sí i. Òrí tí mo dì sínú igbá le bí òkúta. Mo fi èékánná họ ọ́, kò gbà. Mo fi ewé bò ó, mo fi àlòkù ìró wé e, mo gbé e lé itan mi nínú mọ́tò, a gbéra.

Ẹ̀yin ará ilé ti ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé pé báwo ni ọ̀hún ṣe rí. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí mo bá ń sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi kí n tó débi tó wà níbẹ̀. Ẹ má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí; ìwé mẹ́ta péré ni mo kà.

Ọdún bíi mẹ́rin ló kù kí a wọ ọdún 2000 nígbà náà. Kò tíì sí ẹni tó ń gbé fóònù kiri lápò. Awakọ̀ kan ló mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ Ràfíù, ọkọ ọmọ mi, tó ń ránṣọ ní Bantè. Ó kọ ọ́ pé Sìkírá, àbígbẹ̀yìn mi, ti wọ oṣù kẹjọ, pé nǹkan ń ro ó lábẹ́ ìhà ọ̀tún, pé dókítà kan ní Savalou ń ṣọ́ ọ. Ẹ sì mọ̀ pé oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ kò dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ràfíù kọ ọ́ sínú ìwé yẹn: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀.” Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì yẹn ló gbé mi dìde.

Ẹnubodè

Aṣọ́bodè kan wà níbẹ̀, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìbẹ́pẹ. Ó fi ọ̀pá gún ẹrù mi.

“Kí lèyí, Màmá?”

“Òrí ni.”

“Gbogbo èyí! Ẹṣin lẹ fẹ́ fi kùn ni?”

“Ìyá ọmọ ni. Ọmọ mi fẹ́ bímọ ní Bantè.”

“Wọn ò ní òrí ní Bantè? Igi ẹ̀ kún gbogbo oko wọn.”

“Tiwọn ni tiwọn. Èyí, ọwọ́ ara mi ni mo fi pò ó.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tètè máa lọ kí ọmọ má baà dé ṣáájú òrí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N ò mọ̀ pé bó ṣe wí gẹ́lẹ́ ló máa rí.

Láti ibẹ̀ lọ, ayé yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní Ṣábẹ, èdè wa ni gbogbo èèyàn ń sọ, mo rò pé n ò tíì kúrò nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì, àwọn òkè ńlá olókùúta, àwọn ilé sì rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ wọn bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú. Ẹni tó jókòó tì mí ń bá mi sọ Faransé. Mo ń mi orí. Nígbà tó yá, ó dákẹ́, ó fún mi ní ọsàn. Mo gbà á, mo sì jẹ ẹ́. Irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní wàhálà.

Bantè

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Èdè wọn bá tiwa mu, kò sì bá a mu. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, mo ń gbọ́ ìparí, àárín ló ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ ilé yí mi ká, wọ́n ní kí n tún sọ̀rọ̀. Mo ní kí ni kí n sọ? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mo ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò Nàìjíríà.

Àna mi, ìyá Ràfíù, jẹ́ obìnrin kúkúrú pupa tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó kúnlẹ̀ gbé omi fún mi, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ni wá. Èmi náà kúnlẹ̀ gbà á. A wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, ó ń kí mi, mò ń kí i, ó béèrè ará ilé, ó béèrè oko, ó béèrè ọyẹ́ pàápàá. Ní ilé wọn, àlejò kì í sọ ohun tó bá wá àyàfi tó bá mu omi, tó sì jẹun tán. Ọ̀rọ̀ Sìkírá ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Wọ́n gbé iyán wá.

Mo ti jẹ iyán láyé mi, àmọ́ iṣu ibẹ̀ yẹn yàtọ̀. Ó funfun, ó fà, ó sì dùn láìsí ọbẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀, wàrà dídín wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ni mo mọ̀ pé ó dùn. Lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ni mo kàn ń gbé e mì kí n lè débi tí màá ti béèrè.

Nígbà tí mo fọwọ́ tán, àna mi nu ọwọ́ tirẹ̀ sí ìró.

“Àna mi, ọmọ ti dé lánàá. Savalou ni wọ́n wà. Obìnrin ni.”

“Àwọn méjèèjì ńkọ́?”

“Wọ́n wà láàyè.”

Ẹ wo ìdáhùn yẹn. Kò sọ pé wọ́n wà dáadáa.

Savalou

Bí ilẹ̀ ti mọ́, èmi àti àna mi wọ mọ́tò lọ sí Savalou. Ràfíù wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ti rù. Sìkírá jókòó lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ wú. Ó rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́rin. “Màmá, ẹ ti dé.”

Ọmọ náà kéré. Mo ti gba ọmọ púpọ̀ lọ́wọ́ agbẹ̀bí, n kì í tètè bẹ̀rù, àmọ́ awọ ara èyí tú bí aṣọ tí wọ́n rán fún ẹni tó jù ú lọ. Obìnrin agbẹ̀bí kan wà níbẹ̀, ará Kétu, tí gbogbo wa ń pè ní Mádàmù. Òun nìkan ló gbọ́ èdè mi tààrà. Ó ní ọmọ náà kò ní ọ̀rá tó lábẹ́ awọ. Ọ̀rá yẹn ló yẹ kí ọmọ tuntun máa fi móoru, òun náà ló yẹ kó máa jẹ títí omi ọmú á fi kún. “Nítorí náà, Màmá, ọmú ni oògùn ẹ̀. Kó mu ún lemọ́lemọ́, kí aṣọ sì wà lára ẹ̀.”

Ìyẹn yé mi. Ọmọ náà ń mu ọmú dáadáa, ó ń fà á bí ẹni tó mọ̀ pé òun pẹ́ dé ìdí oúnjẹ.

Mádàmù tún ní, “Lọ́la, a máa gba ẹ̀jẹ̀ ìyá ẹ̀. Dókítà fẹ́ wo bí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, nítorí ìrora abẹ́ ìhà yẹn. Tó bá di alẹ́ òní, kó má jẹ nǹkan kan mọ́. Omi lásán.”

Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn yẹn ni àwọn ẹbí aláìsàn ti ń dáná. Màhí ni ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin ibẹ̀ ń sọ, n ò sì gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rí mi tí mo dúró pẹ̀lú ìkòkò, ó fi ẹsẹ̀ ti igi iná rẹ̀ sápá kan, ó nàka sí i fún mi. Kò béèrè orúkọ mi. Ó bu gàrí ibẹ̀ fún mi, ó kúnná bí ìyẹ̀fun, ó ń dún kárakàra lẹ́nu. Mo fún un ní iyọ̀. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Àna mi padà sí Bantè ní ọ̀sán láti lọ wo ilé. Èmi sun ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Sìkírá.

Kọ́ọ̀bù òwúrọ̀

Ní ìdájí, mo jáde lọ koná. Mo bu òrí sínú agolo, mo yọ́ ọ, mo dà á sínú kọ́ọ̀bù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, mo bu omi gbígbóná lé e, mo fi iyọ̀ sí i. Bí ìyá mi ṣe ṣe é fún mi nìyẹn lórí ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí mo ṣe ṣe é fún àwọn ẹ̀gbọ́n Sìkírá nìyẹn. Ó ń fọ inú ìyá ọmọ, ó ń tú àyà.

Sìkírá wo kọ́ọ̀bù náà. “Màmá, wọ́n ní kí n má jẹun o.”

“Oúnjẹ lèyí? Mu ún kó tó dì.”

Ó mu ún tán, ó nu ẹnu. N ò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, n ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn kì í lọ sọ fún dókítà pé òun ti bọ́jú.

Oòrùn ti ga díẹ̀ nígbà tí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ náà. Àna mi ti tún dé nígbà náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, dókítà wọlé fúnra rẹ̀. Ọmọ Savalou ni, ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ń rọra sọ̀rọ̀. Ìgò tín-ín-rín méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sọ Faransé, mo ń wo ẹnu rẹ̀, mo ń dúró de Mádàmù. Ẹ wò ó, kò sí ohun tó le tó kí o máa wo ẹnu tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ, kó jẹ́ pé ẹ̀yìn gbogbo èèyàn lo máa gbọ́ ọ. Ojú Ràfíù ti yí padà kí èmi tó gbọ́ nǹkan kan.

Mádàmù fi hàn mí. Nínú ìgò kan, ẹ̀jẹ̀ ti sọ̀ sísàlẹ̀, omi tó wà lókè rẹ̀ mọ́. “Èyí ni ti ọmọ, a ti gbà á láti ara ìwọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ọ̀rá inú ẹ̀ kéré, bó ṣe yẹ kí ti ọmọ tuntun rí nìyẹn.” Nínú ìkejì, omi òkè funfun báláú, bí omidùn ògì. “Èyí ni ti Sìkírá.”

“Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?”

“Ọ̀rá ni. Aláboyún máa ń ní ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀ ju obìnrin mìíràn lọ, ara ẹ̀ ń kó o jọ fún ọmọ àti fún omi ọmú. Àmọ́ kì í pọ̀ tó báyìí. Tó bá pọ̀ tó báyìí, ó lè ba ohun kan jẹ́ nínú ikùn ẹ̀, ó lè pa á. Dókítà ní kó lọ sí Kútọnu lọ́la, ọkọ̀ wa ń lọ ní ọ̀sán. Kó má jẹ, kó má fún ọmọ lọ́mú títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀.”

“Ọmọ ńkọ́?”

“Ọmọ ò lè rin ọ̀nà yẹn. Ó kéré jù. A máa fún un ní mílíìkì alágolo níbí.”

Sìkírá gbá ọmọ náà mọ́ra. Ó kàn ń wò mí.

Àna mi dìde. Ó ní òun ń lọ sọ fún àwọn ará ilé. Lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́ fún Ràfíù, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀: “Ọmú ọlọ́ràá! N ò gbọ́ ọ rí. Àkọ́kọ́ lọ, èyí náà kò lè mu ọmú ìyá ẹ̀. Irú ara wo lo fẹ́ wálé yìí?” Ràfíù ní, “Yéè, ẹ jọ̀ọ́.” Ìyá rẹ̀ ti lọ.

Wọ́n fi ṣíbí kékeré fún ọmọ ní mílíìkì. Ó pọ̀ ọ́. Wọ́n tún fún un, ó tún pọ̀ ọ́. Omi ọmú Sìkírá ń ṣàn sí aṣọ rẹ̀ lára, ọmọ ń ké ní ìwọ̀n ọwọ́ méjì sí i.

Mo ní kí n wá nǹkan tí yóò fún ọmọ mi lágbára fún ọ̀nà Kútọnu. Mo jáde, mo tún yọ́ òrí. N ò rí kọ́ọ̀bù mi, obìnrin Màhí yẹn yá mi ní gíláàsì. Mo da òrí sí i, mo bu omi lé e, mo gbé e kalẹ̀ kí n lè fẹ́ iná. Nígbà tí mo yíjú padà, ọyẹ́ ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Omi wà nísàlẹ̀. Òkè funfun báláú.

Mo jókòó sórí òkúta ààrò.

Ohun tí mo sọ

Màá sọ òótọ́ fún yín. N kò dìde kíá. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, èmi àlejò, èmi ìyá ìyàwó, ni mo wá ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́. Mo rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ òrí náà. Mo gbọ́ ohùn ọmọ yẹn láti inú ilé. Ó ti ń há. Mo gbé gíláàsì náà, mo lọ.

Dókítà ń kọ̀wé. Mo gbé e ka orí tábìlì rẹ̀. Mo sọ fún Mádàmù, “Ẹ bá mi sọ fún un pé mo fún Sìkírá ní èyí mu láàárọ̀, kí ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀.”

Mádàmù lanu. “Màmá! Mo ní kó má jẹ nǹkan kan!”

“Kò jẹ nǹkan kan. Òrí ló mu.”

“Òrí kì í ṣe nǹkan?”

“Lọ́dọ̀ wa, a kì í kà á mọ́ oúnjẹ.”

Ó túmọ̀ rẹ̀. Dókítà wo gíláàsì, ó wò mí, ó gbé gíláàsì náà sókè sí ojú fèrèsé. Ó béèrè bó ṣe pọ̀ tó. Mo fi ìka han ìwọ̀n rẹ̀ lára gíláàsì. Ó béèrè ìgbà. Mo ní kí ojúmọ́ tó mọ́. Ó fi bírò lélẹ̀.

Mádàmù ní, “Ó ní ohun tí èèyàn bá mu, tó bá lọ́ràá, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ó ní ó lè jẹ́ òrí yín la rí. Ó sì lè jẹ́ àìsàn gan-an, kí òrí yín kàn bò ó. Kò lè mọ̀. Lọ́la láàárọ̀, a máa gba òmíràn. Láti ìsinsìnyí, omi nìkan. Kọlẹsitẹróòlù, àti ọ̀rá yòókù, gbogbo ẹ̀ la máa wò.”

Mo ní kí ó tún orúkọ yẹn pè. Ẹnu mi kò gbé e.

“Ọmú ńkọ́?”

“Ó di ọ̀la, Màmá.”

Abọ́ àna mi

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn bí ọlọ́dẹ. Mádàmù kọ́ Sìkírá bí yóò ṣe máa fún ọmú dànù kó má baà dì. Ọmọ gba mílíìkì díẹ̀ mì, ó pọ ìyókù. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju ẹkún lọ.

Bí ojú ṣe ń là, àna mi yọ láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ onídérí. Iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nínú ilé wọn, ìyá ọkọ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìyàwó tó bímọ ní òkèlè kan kí ó tó lọ ọ̀nà jíjìn. Ìyàwó tí kò bá gbà á ti sọ pé òun kò ní padà wá sí ilé náà. Ràfíù ti sọ ìyẹn fún mi. Mo dìde, mo dí ọ̀nà.

“Àna mi, ẹ kú àárọ̀. Kò tíì lè jẹun.”

“Òkèlè kan ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ná.”

“Wọ́n ti gbà á lánàá.” Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Ṣé májèlé ni mo gbé wá ni? Ẹ fẹ́ mú ọmọ yín lọ, ẹ sọ ọ́.”

Ràfíù ń bọ̀ láti ìta, ó dúró. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wò wá. Mo kúnlẹ̀.

“Èmi ni mo ṣe é. Wọ́n ní kó má jẹ, mo fún un ní òrí mu. Òrí ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Kì í ṣe ara ẹ̀ ló burú, ọwọ́ mi ni. Tó bá gba òkèlè yín báyìí, wọn ò ní mọ̀ mọ́, wọ́n á gbé e lọ sí Kútọnu, ọmọ yìí á kù síbí. Ẹ bínú sí mi. Ẹ má fún un.”

Àna mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé abọ́ náà lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdérí rẹ̀ bí ẹni pé adìyẹ wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ sá.

“Òrí?” ó ní.

“Òrí.”

“Èmi náà gbé tèmi wá. Ó wà lábẹ́ iyán.”

Mo wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín kọ́ ló ń rín, kò sì bínú mọ́. Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Mo dìde, mo jókòó tì í.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà. A jókòó títí ọbẹ̀ fi dì. Oòrùn ti dé orí òrùlé nígbà tí dókítà wá pẹ̀lú ìgò kan ṣoṣo. Kí Mádàmù tó lanu, mo ti rí i. Omi òkè rẹ̀ mọ́, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò oyin.

“Ọ̀rá wà níbẹ̀ ju ti obìnrin tí kò bímọ lọ,” Mádàmù ní, “àmọ́ ti ìyá ọmọ ni. Á máa lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìrora yẹn, ó jọ pé ọmọ ló ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí Kútọnu. Kó fún un lọ́mú.”

Sìkírá kò dúró kó sọ̀rọ̀ tán. Ọmọ náà wá ọmú, ó pàdánù rẹ̀, ó tún wá a, ó mú un. Ohun kan ṣoṣo tí a ń gbọ́ ni bó ṣe ń gbé e mì. Àna mi ṣí abọ́ tutù yẹn, ó bu òkèlè kan, ó fi sí ọmọ mi lẹ́nu. Ó bu ìkejì, ó yí padà, ó na èyí sí èmi.

“Ẹ jẹ, oníṣẹ́ òrí.”

Mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kejì

Lọ́jọ́ kejì, mo jáde sẹ́yìn ilé ìwòsàn ní ìdájí láti gbé omi kaná fún ọmọ. Ìyá àgbà kan tí n ò rí rí wà ní ààrò, wọ́n ní láti Djaloukou ni wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ wá, ó bímọ lánàá. Ó ń fẹ́ kọ́ọ̀bù kan lẹ́nu. Mo rí òróró tó ń dán lójú omi náà.

Mádàmù kò sí nítòsí. N ò gbọ́ Màhí, kò gbọ́ tèmi. Mo lọ bá a, mo kí i, mo fi ọwọ́ mi bo ẹnu kọ́ọ̀bù náà. Ó bínú, ó fà á. N ò jẹ́ kó lọ. Mo fi ìka gún apá ara mi níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, mo nàka sí yàrá àwọn ìyá ọmọ, mo fi ojú béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Ó dúró. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo bu òrí tèmi sínú gíláàsì, mo da omi gbígbóná lé e, mo gbé e sáàárín wa, mo nàka sí i, mo sì tún nàka sí apá mi. Àwa méjèèjì jókòó sórí òkúta, a ń wò ó, títí òkè rẹ̀ fi funfun.